Ìtàn ọmọ tó lọ fọnná: kí ni kí ọ̀rọ̀ sọ, kí ni kí a fi sílẹ̀ fún àwòrán?

#1 · Akọ̀tàn_Ìwó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìtàn ọmọdé kan wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó 1,400. Ó lọ báyìí: láàárọ̀ ọyẹ́, iná kú nílé àwọn Ayọ̀. Wọ́n rán Ayọ̀ lọ fọnná ní ìsàlẹ̀ àgbàlá. Wọ́n kó ògúnná mẹ́rin sínú àpáàdì fún un. Bó ṣe ń bọ̀, ẹni mẹ́ta tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀: Ìyá Alákàrà, Bàbá Alágbẹ̀dẹ, Ìyá Ìkókó. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa délé, ẹyọ tó kù ti di eérú. Ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ní kó wẹ̀yìn wò: èéfín ń rú láti ibi mẹ́ta tó ti tutù tẹ́lẹ̀, àwọn tó fún níná sì ti ń gbé iná bọ̀.

Ìwé olójú-ewé 32 ni, 210 mm ní ìbú, 210 mm ní òró, aláwọ̀ mẹ́rin. Ayàwòrán ti wà. Gbogbo ẹni tó kà á ló ní ọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Èwo ni kí n yọ? Kí ni mo sì máa kọ ránṣẹ́ sí ayàwòrán?

#2 · Olótùú_Pẹ́ńsù

Ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, 1,400 ti pọ̀. Irú ìwé yìí, 500 sí 600 ló bá a mu. Tó bá ti kọjá 800, ọ̀rọ̀ á gba àyè mọ́ àwòrán lọ́wọ́, àwòrán á wá di ọ̀ṣọ́ etí ewé lásán.

Ẹ wá pẹ́ńsù pupa àti búlúù. Ẹ fa pupa sábẹ́ gbogbo ohun tí ojú lè rí: àwọ̀ aṣọ, ibi tí èèyàn jókòó sí, bí ilé ṣe rí, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ fa búlúù sábẹ́ ohun tí ojú ò lè rí: òtútù, òórùn, ìró, ohun tí wọ́n sọ, ohun tó wà nínú ẹni, àsìkò tó kọjá. Pupa ń lọ, búlúù ń dúró. Iṣẹ́ náà ò le, àfi ibi tí òǹkọ̀wé bá ti nífẹ̀ẹ́ gbólóhùn ara rẹ̀ jù.

Ká ní ibi Ìyá Alákàrà rí báyìí:

"Ayọ̀ gbé àpáàdì dání. Aṣọ búlúù tó ti gbó ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà. Kùrukùru bo gbogbo àgbàlá. Ó rí Ìyá Alákàrà tí wọ́n jókòó síwájú ààrò tó ti kú, tí wọ́n káwọ́ sáyà, ẹ̀wà tí wọ́n ti lọ̀ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní kí Ayọ̀ fún àwọn ní iná díẹ̀. Ayọ̀ fún wọn ní ògúnná kan."

Ohun tó máa ṣẹ́ kù nìyí:

"Òtútù mú títí dé eyín. 'Ayọ̀ ọmọ mi, bù fún mi ńbẹ̀.' Ayọ̀ bù fún wọn."

Ọ̀rọ̀ 16 péré. Aṣọ, kùrukùru, ààrò àti ẹ̀wà ti di ti ayàwòrán.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yín ni iye ògúnná àti èéfín. Ẹ má kọ "ó ku mẹ́ta", "ó ku méjì" rárá. Ọmọ tó ń wo ìwé ni kó kà á fúnra rẹ̀ nínú àpáàdì. Èéfín náà, ẹ má dárúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ títí ìyá á fi ní "wẹ̀yìn wò", ṣùgbọ́n kó ti wà nínú àwòrán tipẹ́, lẹ́yìn Ayọ̀, ní kékeré. Ọ̀rọ̀ ń sọ pé iná ń tán, àwòrán ń sọ pé iná ń pọ̀. Ọmọ á ti rí ohun tí Ayọ̀ ò rí, á máa fọwọ́ tọ́ka sí i. Ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo pe èéfín níwájú, ìtàn ti bàjẹ́ nìyẹn.

#3 · Tíṣà_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Olótùú, mo gbà yín gbọ́ lórí èéfín. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ gáàsì nìkan ló mọ̀, ibo ló ti fẹ́ gbọ́ "ààrò" àti "ẹ̀wà lílọ̀" tí a bá yọ gbogbo rẹ̀? Ìwé Yorùbá ni, èdè la fẹ́ kó kọ́. Àti pé ṣé "rọ̀bọ̀tọ̀" àti "pẹ́lẹ́ńgẹ́" náà á lọ, torí pé ojú rí i?

#4 · Olótùú_Pẹ́ńsù

Tíṣà, ẹ ṣeun, ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn. Orúkọ nǹkan kì í lọ, àpèjúwe rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ pe "àpáàdì" lẹ́ẹ̀kan, kedere, ní spread (ojú-ewé méjì tó dojú kọra) tí àwòrán rẹ̀ ti tóbi jù. Ọmọ á so méjèèjì pọ̀. Kò sídìí láti kọ "ìyẹn àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń gbé iná". Bí ayàwòrán bá ya ìkòkò fífọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ewé 5, tí ìyá ń ṣa èyí tó tóbi jù nínú àfọ́kù rẹ̀, ó ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ibì kan tí ẹnìkan á ti fẹnu ara rẹ̀ pe "ààrò" bákan náà: "Ààrò mi ti tutù láti àná."

"Rọ̀bọ̀tọ̀" dúró. Ẹnu àti etí ló wà fún, ìwé yìí kì í sì í ṣe ìwé àkàsínú. Àgbà kan á kà á sókè fún ọmọ. Ẹyọ kan fún spread kan tó. Kí ayàwòrán ṣáà mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè rẹ̀: a ò lè gbọ́ "rọ̀bọ̀tọ̀" létí kí á wá rí ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ lójú ewé.

#5 · Ayàwòrán_Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa ayàwòrán. Àṣìṣe mẹ́ta wà tí wọ́n máa ń dá wa lẹ́bi fún, tó sì jẹ́ pé ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ló fà á.

Àkọ́kọ́ ni àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀. "O gbe igba ko ejika": igbá ni àbí igbà? Ẹnìkan á ya igbá mọ́ adẹ́mu léjìká, nígbà tó jẹ́ igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ẹ wo ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ náà: ká yọ àmì orí wọn, ìkan náà ni gbogbo wọn. Ẹ fi àmì sí i kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkejì ni "wọ́n". "Wọ́n wọlé" lè jẹ́ ìyá àgbà kan, ó lè jẹ́ èèyàn mẹ́fà. Èdè ò ní sọ, àwòrán ò sì lè ṣe kó má sọ. Ẹ kọ iye èèyàn sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀kẹta ni "ó". Nínú ọ̀rọ̀ yín, a ò mọ̀ bóyá Ayọ̀ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó dùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní kété tí a bá ya ibi tó ti ń kí Ìyá Alákàrà, àṣírí tú: bó bá kúnlẹ̀, obìnrin ni, bó bá dọ̀bálẹ̀, ọkùnrin ni. (Ọmọ tó gbé iná dání tó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwòrán yẹn á yọ ayàwòrán lẹ́nu.) Ẹ pinnu kí a tó fa ìlà kankan. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà ní bòńkẹ́lẹ́, irun gígẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀wù tó dé orúnkún, kò sí yẹtí, kí ìkíni sì ṣẹlẹ̀ láàárín ewé méjì, níbi tí a ò ní yà á.

Ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ojú-ewé méjì lọ. Ẹ là á sí ọ̀nà mẹ́ta: nọ́ńbà spread, ọ̀rọ̀ tó máa wà níbẹ̀, ohun tí àwòrán gbọ́dọ̀ gbé tí ọ̀rọ̀ ò sọ. Bí àpẹẹrẹ: "16–17. Ògúnná mẹ́ta ló wà nínú àpáàdì, Bàbá Alágbẹ̀dẹ ń fi ẹ̀mú mú ọ̀kan. Èéfín ti ń yọ lọ́dọ̀ Ìyá Alákàrà. Ayọ̀ kò rí i." Ó tán. Ẹ má kọ "Ayọ̀ na ọwọ́ òsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀". Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ẹ tún jẹ́ ká fìdí ọ̀nà múlẹ̀. Ìwé wa ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Nígbà tí Ayọ̀ ń lọ, kó kọjú sí ọ̀tún. Ó ń bá ewé lọ. Nígbà tó ń bọ̀, kó kọjú sí òsì ní gbogbo àwòrán, láìyẹ̀. Ojú á rí i pé ìrìn náà le. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ọyẹ́ máa fẹ́ láti òsì, kí gbogbo èéfín sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí Ayọ̀ ò fi gbóòórùn èéfín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìyá bá wá ní "wẹ̀yìn wò", Ayọ̀ á yíjú sí ọ̀tún, síbi tí wọ́n ti ń ṣí ewé. Ọwọ́ ọmọ tó ń kàwé á ti wà níbẹ̀.

Ètò iṣẹ́: àwòrán kéékèèké tó fẹ̀ tó 60 mm fún gbogbo spread lórí bébà kan, lẹ́yìn náà Ayọ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, pẹ̀lú ojú ẹkún àti ojú ẹ̀rín, lẹ́yìn náà pẹ́ńsù ní ìwọ̀n gidi, spread kan pẹ̀lú àwọ̀ kí gbogbo wa fọwọ́ sí i, àwọn tó kù wá tẹ̀lé e. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ní ìpele pẹ́ńsù. Tí àwọ̀ bá ti dé, ẹni tó bá ní kí a yí Ayọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, owó míì ni.

#6 · Olùtò_Ewé

Ẹ mú bébà A4 mẹ́jọ, ẹ pa wọ́n pọ̀ sí méjì, ẹ fi sítépù méjì há àárín. Ojú-ewé 32 nìyẹn. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ jáde, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Ẹ kà á sókè, kí ẹ máa ṣí i. Ibi tí ohùn yín bá ti fẹ́ dúró, tí ewé ò tíì parí, ọ̀rọ̀ ti ṣáko níbẹ̀.

Ewé 1 máa ń wà ní ọ̀tún nígbà gbogbo. Ẹlòmíì á gbàgbé, gbogbo spread rẹ̀ á sì yẹ̀ ní ewé kan. Àkọlé ní 1. Ẹ̀tọ́ àti ISBN ní 2 (Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN). Ìyàsọ́tọ̀ ní 3. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní 4–5, ó parí ní 30–31: spread 14. 32 dá wà.

Bí mo ṣe máa pín in: 4–5 iná kú. 6–7 wọ́n rán an. 8–9 ìrìn àlọ. 10–11 ògúnná mẹ́rin, àwòrán ńlá. 12–13 Ìyá Alákàrà. 14–15 ó ń lọ. 16–17 Bàbá Alágbẹ̀dẹ. 18–19 ó ń lọ. 20–21 Ìyá Ìkókó. 22–23 ògúnná kan, àgbàlá gbòòrò, Ayọ̀ kéré. 24–25 eérú. 26–27 ẹkún, "wẹ̀yìn wò" sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún ewé 27, òun nìkan. 28–29 èéfín mẹ́ta, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. 30–31 iná délé. Ní 32, ẹ ya àpáàdì tó ṣófo sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kékeré.

Ẹ má pín ọ̀rọ̀ 600 sí ọ̀nà 14 dọ́gbadọ́gba. 6–7 lè gba 80. 14–15 ò nílò ju mẹ́wàá lọ. Ewé tó ní 43, 43, 43 máa ń mú ọmọ sùn.

#7 · Pléètì_Ṣómólú

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbọ́ tiwa náà. Ayàwòrán ò gbọdọ̀ parí kó tó béèrè ìwọ̀n. Spread yín jẹ́ 420 sí 210 mm. Ẹ fi 3 mm bleed (àfikún àwòrán etí ewé tí wọ́n máa gé kúrò) yí i ká, ó di 426 sí 216. Ní 300 dpi (iye píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àmì àwòrán, nínú íǹṣì kan), 5,032 sí 2,552 píksẹ́lì ni. Àwòrán tó bá ti wà ní 1,080 píksẹ́lì tí wọ́n wá fà tóbi, bí ẹni wo nǹkan láti inú omi ló ń rí. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò, á fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document.

Kò gbọdọ̀ sí ojú èèyàn, ògúnná tàbí ọ̀rọ̀ ní àárín ibi tí ewé ti pàdé. Kí ọ̀rọ̀ jìnnà sí etí ewé ní 12 mm, kó jìnnà sí àárín ní 15. Bí wọ́n bá ń fi sítépù há a, àwọn ewé inú máa ń yọ síta díẹ̀ ju ti òde lọ, wọ́n á sì gé e kúrò, bíi mílímítà kan. Ẹni tó bá fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ewé ká á rí i pé ìlà náà ò dọ́gba mọ́. Ẹ má fa irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ògúnná: lórí ẹ̀rọ, ọsàn yẹn á máa tàn bí iná gidi. Lórí bébà, yíǹkì ò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fi kún àwọ̀ ọsàn. Ẹ sọ ohun tó yí i ká di búlúù olómi-eérú. Ọyẹ́ ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn. Yíǹkì Magenta (pupa rúsúrúsú) ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, Yellow (òféèfèé) 100, ó tó.

Bébà 80 gsm (ìwọ̀n bí bébà ṣe wúwo) á máa fi èéfín ewé kejì hàn ní ewé kìíní. Inú: art paper 135 gsm, èèpo: 300 gsm pẹ̀lú lamination (ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bò ó). Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ K 100 (yíǹkì dúdú) nìkan, kó sì wà lọ́tọ̀, kí wọ́n má yọ́ ọ mọ́ àwòrán. Tó bá ti wọ inú àwòrán, àwọ̀ mẹ́rin ló máa para pọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí pléètì kan (irin ìtẹ̀wé, ẹyọ kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan) bá yẹ̀ díẹ̀, àmì ohùn á ní òjìji. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe ní ọ̀rọ̀ kan, pléètì mẹ́rin lẹ máa sanwó rẹ̀ dípò ẹyọ kan.

#8 · Àmì_Ohùn

Mo fẹ́ dúró lórí ibi tí Pléètì parí sí, torí níbẹ̀ ni ìwé Yorùbá ti ń kú jù. "ẹ́" àti "ọ̀" ò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. "ẹ" wà (U+1EB9), àmì òkè sì jẹ́ kóòdù mìíràn (U+0301) tó ń gùn ún lórí. Bí fọ́ńtì ò bá mọ ibi tó yẹ kí àmì jókòó, á sún sí ọ̀tún, tàbí kó gorí lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kí fọ́ńtì míì yáni ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Fọ́ńtì aláràbarà tí ayàwòrán wà jáde fún àkọlé, ọ̀pọ̀ wọn á kùnà níbí.

Andika dára fún ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà, "a" rẹ̀ rí bí èyí tí wọ́n ń kọ sí pátákó. Charis SIL àti Noto Serif náà ń gbé àmì dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ tẹ "Ọ̀ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kẹ́ẹ̀, ǹjẹ́, m̀bá" ní 16 pt (ìwọ̀n lẹ́tà) kí ẹ wò ó lórí bébà. Bí ẹ bá ń lo InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ewé, ẹ yan World-Ready Paragraph Composer. Bó bá jẹ́ Scribus, irú ètò bẹ́ẹ̀ míì, ẹ lo ẹ̀dà 1.6.

Àlàfo ìlà: èdè tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lókè ò lè gbé 16 lórí 19 (lẹ́tà 16 pt, àlàfo ìlà 19 pt). Ẹsẹ̀ "ọ" á fara kan àmì "ń" ìlà kejì. 16 lórí 24 ni. Ẹ sọ fún ayàwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ó túmọ̀ sí pé àyè ọ̀rọ̀ á tóbi ju bó ṣe rò lọ. Kó fi ojú ọ̀run, ògiri tàbí yanrìn sílẹ̀ fún un. Àpótí funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí àwòrán nígbẹ̀yìn dàbí aṣọ alábulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ funfun lórí dúdú? Kò gbọdọ̀ kéré sí 18 pt, kó sì nípọn. Yíǹkì á tàn wọ inú àmì tẹ́ẹ́rẹ́, "ṣ" á di "s".

#9 · Tíṣà_Ìbàdàn

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè wà nínú róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àwọn èèyàn, bíi ti ìwé ìròyìn Atọ́ka ayé ọjọ́un?

#10 · Olótùú_Pẹ́ńsù

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n fọ́tò eré ni Atọ́ka, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbé ìtàn rẹ̀ lọ. Nínú irú ìtàn yìí, róbótó á gba ojú ọ̀run mọ́ èéfín lọ́wọ́. Ẹni tó ń kà sókè náà ò ní mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ kà. Ní tèmi, rárá.

#11 · Akọ̀tàn_Ìwó

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀ sí 570. Mo ti pinnu pé Ayọ̀ jẹ́ obìnrin, ó ń kúnlẹ̀. Ẹ wo ìwé tí mo kọ fún ayàwòrán ní 24 sí 29:

"24–25. 'Iná mi dà?' — Eérú nìkan. Èéfín méjì lẹ́yìn, ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.
26–27. Ayọ̀ sunkún títí omi ojú rẹ̀ fi kán sínú eérú: ṣíì. 'Ayọ̀, wẹ̀yìn wò.' — Ìyá ń wo ọ̀ọ́kán, Ayọ̀ ń wolẹ̀. Èéfín mẹ́ta lẹ́yìn wọn.
28–29. (Kò sí ọ̀rọ̀.) — Gbogbo àgbàlá láti òkè, èéfín mẹ́ta."

#12 · Ayàwòrán_Ọ̀ṣun

Ó ti wà létòlétò. Ibì kan ṣoṣo: ní 26–27, ẹ yọ èéfín kúrò pátápátá. Ẹ jẹ́ kí àwòrán sún mọ́ ojú àwọn méjèèjì débi pé a ò rí nǹkan míì lẹ́yìn wọn. Tí èéfín mẹ́ta bá ti wà ní 27, kí ni ọmọ fẹ́ ṣí ewé lọ wò ní 28?

"Ṣíì" yẹn náà: eérú tó ti tutù kì í dún. Kó dún, iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣẹ́ kù, ó dáa, ayàwòrán á ya àmì pupa kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ sínú eérú ní 24. Bí kò bá sí, ẹ yọ "ṣíì".

#13 · Pléètì_Ṣómólú

Àmì pupa yẹn, ẹ má jẹ́ kó kéré ju 1.5 mm lọ, kó má bàa pòórá. Ní 28–29 náà, èéfín àárín bọ́ sí ibi tí ewé ti pàdé gẹ́lẹ́. Ẹ sún un sí ọ̀tún ní 20 mm.